Àwọn Tó Ń Kọjá Kò Ba Fọ́tò Rẹ Jẹ́

Ìsìkàn, Àkúrẹ́.

Àṣàkẹ́ mi, Dọlápọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ pẹ̀lú ọkàn tó kún fún ọpẹ́. Ara wa le, ilé wà bó ṣe wà. Bàbá rẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má kọ ọ́ gùn jù. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò ní gbọ́.

Nígbà tí o pè mí láti Ìlárá-Mọ̀kín lọ́jọ́ Àìkú, ó ti rẹ ohùn rẹ. O ní, "Màmá, iṣẹ́ yìí ti fẹ́ sú mi. Gbogbo ibi tí mo bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí ni àwọn èèyàn ń gbà kọjá. Wọ́n ń ba fọ́tò mi jẹ́." Mo bú sẹ́rìn-ín, inú sì bí ọ, o ní mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá o, ọmọ mi. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo sọ fún ọ̀gá mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bébà àti bírò. Kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sú ọ, gbé e sílẹ̀, lọ jẹun, kí o tún padà sí i.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Kí àwọn tó ń tẹ̀wé máa wá ẹni tí yóò ya àwọn ìlú wa sínú ìwé ńlá, kí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, kí ó jẹ́ ọmọ tèmi ni wọ́n mú, kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò, àwọn ẹbí wa ní Oǹdó ń bi ìyá mi léèrè pé ṣé kò rí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ fi mí sí ni. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri ìgboro? Ìyá mi á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Èyí tí mo bí ni." Lónìí, ọmọ obìnrin náà ló ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí wọ́n ń fi mọ́tò wá gbé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ó yá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Èkíní: má sáré tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Arakale níbí ní Àkúrẹ́, ojú mi kì í gbé ibì kan. Bí mo bá ti rí aṣọ tó pupa, mo ti tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá rí agboòrùn aláràbarà, mo ti tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi mú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò mi, ó gbé e sójú, ó tún gbé e jìnnà sójú.

Ó ní, "Fọláṣadé, kí lo rí níbí tí o fi yà á?"

Mo ní, "Aṣọ pupa, sà."

"Aṣọ pupa ń lọ síbo? Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Òpó iná tó hù lórí obìnrin yìí ńkọ́, ṣé òun náà ni o rí?"

Mo wò ó dáadáa. Lóòótọ́ ni, òpó iná ti hù láàárín orí obìnrin aláṣọ pupa náà, ààtàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹpẹtẹ. N kò rí ọ̀kankan nínú wọn nígbà tí mò ń yà á, aṣọ nìkan ni mo rí. Ọ̀gá mi wá sọ̀rọ̀ kan tí mo fi ń jẹun títí di òní. Ó ní, "Kọ́kọ́ kọ́lé fún fọ́tò rẹ, kí o tó wá àlejò fún un." Ilé tó ń wí ni ibi tí o fẹ́ yà: ògiri, ilẹ̀, ojú ọ̀run, bí oòrùn ṣe bọ́ sí i. Wò ó kí ojú rẹ já gbogbo igun. Mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé àti ibi tí òjìji ń ṣubú sí. Ṣí àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wọlé. Lẹ́yìn náà, dúró.

Ìdúró yẹn ló ṣòro, mo mọ̀. Kámẹ́rà tìrẹ kì í parí. O lè tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní sọ fún ọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Tiwa, fíìmù ló wà nínú rẹ̀, èyí tí a bá sì ti tẹ̀, a ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. N kò fẹ́ kí ìyà fíìmù jẹ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o máa ṣe bí ẹni tí fíìmù rẹ̀ ń parí lọ.

Èkejì: má pàṣẹ fún àwọn tó ń kọjá. Mo dán èyí wò rí. Mo fẹ́ ya títì Arakale ní ìrọ́lẹ́ ọjọ́ ọjà, ibi náà sì kún dáadáa. Mo gun orí àpótí, mo wá kígbe pé, "Ẹ dúró! Ẹ wo ibí!" Háà! Gbogbo wọn dúró gbagidi. Ọkùnrin kan sáré wọlé lọ dé fìlà, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ jáde, àwọn méjèèjì wá dúró síwájú bí ẹni tó ń gbéyàwó. Obìnrin tó ru ata sọ igbá ata rẹ̀ kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè hàn. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ìsìnkú ta lèyí?"

Àwọn èèyàn tó dára lójú títì ni àwọn tí ọ̀rọ̀ ara wọn gbà lọ́kàn. Ọ̀kan ń sáré kí òjò tó dé, ọ̀kan ń ronú ohun tí yóò sè. Bí o bá ti ní kí wọ́n dúró, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ, ibi tí wọ́n ń lọ yẹn gan-an ni fọ́tò náà.

Ẹ̀kẹta, n kò lè sọ ọ́ bí ìmọ̀ràn lásán. Ìtàn ni mo máa fi sọ ọ́. Ó kan ẹnì kan tí o mọ̀ dáadáa, tí ìwọ kò sì mọ bó ṣe di ara ilé wa.

O ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà, o kò tíì lè rìn. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn le. Epo bẹntiróòlù di ohun àwátì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sì í wọlé nígbà tó yẹ kó wọlé. Bàbá rẹ á múra lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, á fẹsẹ̀ rìn lọ, á fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ní ti iṣẹ́ tèmi, ta ló ń ya fọ́tò nígbà tí oúnjẹ ń wọ́n? Àyàfi fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́. Mo ya ojú àwọn tó ń wáṣẹ́ títí mo fi mọ bí ojú ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe ń rí.

Àsìkò yẹn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà. Ó ní, "Ìyá Dọlápọ̀, ọdọọdún ni a ń lẹ àwọn àgbààgbà tó jókòó sórí àga. Lọ́dún yìí, a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lókèèrè rí Oǹdó fúnra rẹ̀. Ẹ yà á fún wa kó láwọ̀, kó wu èèyàn láti wálé."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Fíìmù aláwọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi kò pọ̀, òmíràn kò sì sí ní gbogbo Àkúrẹ́ lásìkò náà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé bóyá kí n sọ pé n kò lè ṣe é. Ó ní, "Ìlú rẹ ni wọ́n ní kí o yà. Bí ìwọ kò bá lè yà á, ta ló lè yà á?" Òun ló pọ̀n ọ́ mọ́ mi lẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Dọlápọ̀, ọkùnrin tí wọn kò san owó oṣù fún, tó sì ń pọn ọmọ mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn kó lè lọ ṣiṣẹ́ tó wù ú, kí o máa kí i dáadáa bí o bá pè sílé.

Mo kọ́kọ́ rìn káàkiri Oǹdó títí ẹsẹ̀ fi dùn mí. Mo dé Ẹnu-Ọ̀wá, mo yí ọjà po. Ní àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà ni mo ti rí ilé mi. Ilé àtijọ́ kan ni, alámọ̀, tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù kùn ní àkókò tí nǹkan ṣì dára. Àwọ̀ náà ti ń ṣí, ṣùgbọ́n òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà ni, ògiri náà sì tutù, ó wá jinlẹ̀ bí aró. Ilẹ̀ pupa wà níwájú rẹ̀, omi òjò dúró sí ibì kan lórí ilẹ̀ náà, ojú ọ̀run sì hàn nínú omi yẹn. Ilẹ̀kùn ilé náà ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo mọ̀ pé mo ti dé. Ohun tó kù ni àlejò.

Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléèwé kọjá pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n pọ̀ jù, wọ́n bo ògiri. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọkùnrin kan wá gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn gan-an, ó sì wọ ilé kejì lọ sùn, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Mo padà sí Àkúrẹ́, mo tún wá lọ́jọ́ mìíràn. Oòrùn mú jù lọ́jọ́ náà, ògiri kàn funfun lójú. Mo tún wá.

Ìgbà tí mo tún wá ni màmá tó nilé jáde sí mi. Arúgbó ni, Màmá Rẹ̀mí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó dúró tì mí, ó wo kámẹ́rà, ó wo ìwọ tó ń sùn lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ọmọ yìí, kí lo sọ nù síwájú ilé mi?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "N kò sọ nǹkan nù, Màmá. Ẹni tí yóò kọjá ni mò ń dúró dè."

"Ta ni?"

"N kò tíì mọ̀ ọ́n, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí ìró rẹ̀ mú. "O pọn ọmọ láti Àkúrẹ́ wá, o ń dúró de ẹni tí o kò mọ̀!" Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó gbé àga jáde fún mi, ó bu omi wá, ó sì gbà ọ́ lẹ́yìn mi pé kí ẹ̀yìn mi sinmi. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkigbà tí mo bá dé, àga ti wà níta. N kò sì jẹ́ àjèjì ládùúgbò náà mọ́. Àwọn tó ń kọjá á kí mi, wọ́n á ní, "Ẹni tí ẹ̀ ń dúró dè kò tíì dé?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n rí kámẹ́rà kò ka mí sí mọ́. Sùúrù ló ṣe ìyẹn, Àṣàkẹ́, kì í ṣe ọgbọ́n kankan.

Ní ìrọ́lẹ́ ọjọ́ kan, òjò tún rọ̀, ó sì dá. Oòrùn yọ láti apá òsì, ó rọlẹ̀, gbogbo ògiri náà jinlẹ̀, ilẹ̀ náà pupa bí epo. Obìnrin kan ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, ó ru àtẹ ọsàn, ìró rẹ̀ àwọ̀ ewé. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ apá òsì ṣófo jù, ọwọ́ mi kọ̀. Lójijì ni mo gbọ́ ìró táyà ọmọláńkẹ́. Ọkùnrin kan ń ti kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀ láti apá òsì, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè ni gbogbo wọn, omi ń ta sílẹ̀ lára wọn. Ó tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ kò hàn tán. Bí òun àti ọlọ́sàn ṣe fẹ́ pàdé níwájú ilẹ̀kùn ni Màmá Rẹ̀mí yọ láti inú òkùnkùn ilé, ó fẹ́ da omi ìṣanwọ́ nù. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Kí n tó mí, wọ́n ti kọjá. N kò mọ orúkọ ọlọ́sàn, n kò mọ orúkọ ọkùnrin olómi. Mo kàn jókòó sórí àga arúgbó náà, omi sì lé ròrò sí mi lójú.

Wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà náà. Ó dára, ọmọ mi, kí n má purọ́. Nígbà tí nǹkan le tó bẹ́ẹ̀, tí ojú gbogbo èèyàn dúdú, àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò yẹn ń tu àwọn èèyàn lára. Ọ̀kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Tádé ti rí i.

Ìyá Tádé jẹ́ opó, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, àdúgbò wa níbí ní Ìsìkàn ló ń gbé. Gbogbo wa mọ ìbànújẹ́ rẹ̀. Tádé ọmọ rẹ̀, kan ṣoṣo tó bí, jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó kógbá sílé. Ọmọkùnrin náà wáṣẹ́ títí, kò rí. Lọ́jọ́ kan, ó jáde nílé, kò sì padà. Ìyá rẹ̀ wá a dé Ọ̀wọ̀, ó wá a dé Òkìtìpupa. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹni tó ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kọ̀, ó ní òun kò tíì rí òkú kankan.

Ó wá ya fọ́tò lọ́jọ́ tó rí kàlẹ́ńdà náà ni. Bí mo ṣe ń tún àga ṣe, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Ó ti fara mọ́ ògiri, ó gbé ìka lé kàlẹ́ńdà náà.

Ó ní, "Ìyá Dọlápọ̀, níbo lẹ ti ya èyí?"

"Oǹdó ni, mà."

"Ọmọ mi rè é."

Mo sún mọ́ ọn. Ojú ọkùnrin olómi yẹn kò hàn. Mo rọra sọ pé, "Màmá, ojú rẹ̀ kò yọ dáadáa o. Ẹ má jẹ́ kí..."

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fojú ṣe? Ẹ wo èjìká yẹn. Èjìká òsì ló ga yẹn. Láti kékeré tó ti ṣubú lórí igi ọsàn, bó ṣe ń rìn nìyẹn. Èmi ni mo so apá yẹn. Ọmọ mi ni."

Ẹ̀rù bà mí. Bí a bá dé ibẹ̀ tí kì í ṣe òun ńkọ́? Ǹjẹ́ ọkàn Ìyá Tádé á gbà á? Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ nígbà tó dé. Ó rò ó títí, ó ní, "Bí ẹ kò bá lọ, fọ́tò yẹn ni yóò máa wò títí láé. Ẹ lọ." Epo kò sí, ọkọ̀ kò sí. A dúró ní gáréèjì títí oòrùn fi kanrí kí a tó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé wa.

Ọ̀dọ̀ Màmá Rẹ̀mí ni a gbà lọ. Mo ti mú fọ́tò tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí mo fọ̀ fún un. Ó gbà á, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wo ilé, ó wo fọ́tò, ó tún wo ilé. Ó ní, "Ṣé bí ilé mi ṣe rí nìyí? Àtìgbà tí mo ti ń gbé inú rẹ̀!" Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí a wá bi í nípa ọkùnrin olómi, ó ní, "Àkúrẹ́? Àkúrẹ́ ni a ń pè é. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ wò ó nídìí ẹ̀rọ omi."

A bá a níbẹ̀. Ó dojú kọ kẹ́ẹ̀gì, ó ń pọn omi sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lókèèrè, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, "Tádé." Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú, ó rí i, ó sì fi apá bo ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù.

Ó ní, "Ta ló mú yín wá síbí?"

Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí mi. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà, ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ yà mí? Nínú aṣọ yìí? Ta ni mo ní kó yà mí? Ẹ wá gbé mi sára kàlẹ́ńdà, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí mo dà?"

Dọlápọ̀, àwọ̀ kẹ́ẹ̀gì ni mo rí lọ́jọ́ tí mo yà á. N kò rò ó rí pé ẹni tó ń ti ẹrù náà lè ní ohun tó ń sá fún. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, tìwọ tìwọ lẹ́yìn mi.

Ìyá rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tádé kò lè gbójú sókè, ó ní, "Màmá, n kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. N kò ní nǹkan tí mo lè mú wálé."

Ìyá náà ní, "Ṣé nǹkan ni mo bí ni? Ìwọ ni mo bí. Jẹ́ ká lọ ulé." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Àkúrẹ́ nìyẹn, bó sì ṣe pè é wọ̀ mí lára. Ọkùnrin náà jókòó sórí ọmọláńkẹ́ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn tó wá pọnmi dúró ká wa, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan nínú wọn ló bá a gbé kẹ́ẹ̀gì tó ṣubú dìde.

Ó bá wa wálé. Kò rọrùn lọ́gán o. Ó pẹ́ kí ó tó lè kí mi tinútinú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ó rí iṣẹ́ akọ̀wé ní iléèwé kan, ó fẹ́yàwó. Lọ́jọ́ kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n fọ fọ́tò yẹn fún òun, èyí tó tóbi. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Àǹtí, mo pọn omi fún ìlú kan nígbà tí omi wọ́n. Kí ló burú nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n rí i." Ìwọ ti mọ ẹni náà báyìí. Bọ̀ọ̀dá Tádé tó kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn ni, tí o máa ń rò pé ẹ̀gbọ́n mi ló bí i. Ẹ̀jẹ̀ kò dà wá pọ̀. Ọ̀nà Oǹdó ni a ti pàdé.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ń kọjá kò ba fọ́tò rẹ jẹ́. Àwọn ni fọ́tò náà. Ògiri kì í ṣí lọ síbì kankan, yóò dúró dè ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá kò ní kọjá bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ìwọ ṣáà fún un láyè, kí o má sì gbàgbé pé ọmọ ẹnì kan ni. Bí o bá yà á tán, sáré tẹ̀ lé e. Kí i, sọ orúkọ rẹ fún un, bèèrè tirẹ̀. Fi hàn án, ẹ̀rọ tìrẹ lè fi hàn lójú ẹsẹ̀, èyí tí tiwa kò lè ṣe. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, pa á rẹ́, bó ti wù kó dára tó. Ọlọ́run á rán ẹlòmíràn gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá sì gbà, wá ọ̀nà kí fọ́tò náà dé ọwọ́ rẹ̀. Iye èèyàn tó ti wà nínú fọ́tò tí wọn kò rí rí pọ̀ láyé yìí.

Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ nìyí, kí bàbá rẹ tó wá gba bírò lọ́wọ́ mi. Má jẹ́ kí àwọ̀ pọ̀ jù nínú fọ́tò kan. Àwọ̀ kan tó jókòó, àwọ̀ kan tó ń lọ, ó tó. Ní òwúrọ̀ àti ìrọ́lẹ́ ni kí o máa jáde, kí o sì fi ọ̀sán sùn. Bí òjò bá rọ̀, má bínú sí i. Máa mu omi. Fìlà tí mo fún ọ, dé e.

Bí mo bá wẹ̀yìn wo àwọn ọdún líle yẹn, ó yẹ kí inú mi máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló ń wá sí mi lẹ́nu. Mo dúpẹ́ fún arúgbó tó gbé àga fún ẹni tí kò mọ̀. Mo dúpẹ́ fún òjò tó rọ̀ tó sì dá. Mo dúpẹ́ pé ojú ìyá kan mú ju ojú kámẹ́rà mi lọ. Mo dúpẹ́ fún ìwọ tí o sùn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi tí kámẹ́rà kò fi mì nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tó ń rí èèyàn. Kí Ó jẹ́ kí o máa bá ìmọ́lẹ̀ pàdé lọ́nà. Bí àwọn atẹ̀wé bá gba gbogbo fọ́tò rẹ, Àṣàkẹ́, máa bọ̀ wálé kí a jọ yọ̀. Bí wọ́n bá dá gbogbo rẹ̀ padà, máa bọ̀ wálé náà. Má kọ́kọ́ dúró wá nǹkan tí o máa mú lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọláṣadé.